Àkọtọ́ Tí Ìgbìmọ̀ Ṣe àti Ọwọ́ Tí Ń Tẹ̀ Ẹ́ ní Ilẹ̀ Ìdáàṣà

Ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àdéhùn tí àwọn onímọ̀ jókòó ṣe nípa bí ohun kan yóò ṣe máa rí tàbí bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, kí èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú kan lè bá èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú mìíràn mu, bí àwọn tó ṣe é kò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kan lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ìwọ̀n bíríkì àti ihò iná ara ògiri, nítorí pé ohun èlò ni lẹ́tà pẹ̀lú: ẹnì kan ń ṣe é, ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ń kà á. Ibi tí ìlànà ju ẹyọ kan lọ bá ti pàdé ni èèyàn ti lè rí bí àwọn tó ń ṣe ìlànà ti jìnnà tó sí àwọn tó ń mú un lò, Soclogbo sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ àròńdísímà kan, ìyẹn ìpín ìṣàkóso tó wà lábẹ́ kómúùnù, ní kómúùnù Dassa-Zoumè ní ẹkùn Collines, láàárín àwọn òkè olókùúta tí wọ́n fi mọ ilẹ̀ Ìdáàṣà ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìdáàṣà, tí í ṣe ẹ̀ka kan nínú àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ni wọ́n ń sọ ní agbègbè náà. Àwọn Màhí, tí èdè wọn súnmọ́ Fọ̀n, jẹ́ aládùúgbò wọn. Faransé sì ni èdè ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì ìjọba. Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá gbé fóònù rẹ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Cotonou tàbí ní Èkó, ìpinnu ìgbìmọ̀ mẹ́rin ló ń pàdé lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀: ti àwọn tó ṣe àkọtọ́ ní Nàìjíríà, ti àwọn tó ṣe tiwọn ní Cotonou, ti àwọn tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, àti ti àwọn tó ń fún èdè ayé ní àmì ìdánimọ̀. Kò sí èyí tó jókòó sí Soclogbo nínú wọn.

Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ èdè sílẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú àlàfo tó pọ̀ báyìí. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1855, Karl Richard Lepsius, onímọ̀ èdè ará Jámánì, gbé lẹ́tà kan kalẹ̀ tí ó fẹ́ kí wọ́n fi máa kọ gbogbo èdè tí kò tíì ní ìwé, nínú èyí tí àmì abẹ́ lẹ́tà ti ń ya ohùn fáwẹ́lì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ní 1875 sì ni CMS, ìjọ àwọn míṣọ́nnárì, ṣe ìpàdé ní Èkó, tí wọ́n fi ẹnu ọ̀ràn àkọtọ́ Yorùbá jóná sí ibì kan. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí ni pé àwọn tó jókòó ní 1875 náà ni wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwọn ni wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn náà sì ni wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì tó jáde lódidi ní 1884. Bí ẹ, ọ àti ṣ bá máa ná wọn lówó òjé tuntun ní ilé ìtẹ̀wé, àwọn fúnra wọn ni yóò san án, nítorí náà wọn kò jẹ́ pinnu ohun tí ọwọ́ wọn kò lè ká.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi dé àárín, ọ̀ràn ti yí padà. Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní 1966, òmíràn tẹ̀ lé e ní 1969, ó sì di 1974 kí ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó fọwọ́ sí i. Àwọn olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ wọn sì dára: wọ́n sọ “aiye” di “ayé”, wọ́n sọ “enia” di “ènìyàn”, wọ́n ní kí wọ́n kọ fáwẹ́lì méjì sílẹ̀ níbi tí ẹnu bá ti fa méjì, kí kọ́ńsónáǹtì tí wọ́n ń kọ ní méjì-méjì láìnídìí sì padà sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ni pátákó ojú pópó, àwọn kọ́ ló ń ya máàpù, àwọn kọ́ ló sì ń tẹ ìwé ìrìnnà. Oshogbo, Ilesha àti Offa ṣì wà lójú pátákó àti lórí ìwé káàkiri títí di òní, kì í sì í ṣe orí kunkun ló fà á. Ẹni tó bá yí orúkọ ìlú padà lórí ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé báńkì kan gbọ́dọ̀ yí i padà lórí gbogbo ìwé yòókù, ìgbìmọ̀ kò sì fi owó tàbí àkókò kankan sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ní ìhà Benin, ìlànà gba ọ̀nà mìíràn. Lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, ní 1975, ìgbìmọ̀ èdè orílẹ̀-èdè náà gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ CENALA tí ń bójú tó ìmọ̀ èdè sì tún un ṣe ní 1990. Nínú rẹ̀, ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, ohùn tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ní p sì di kp. Àwọn lẹ́tà ɛ àti ɔ yìí ti ní ìtàn tiwọn: inú álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ èdè ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928 ni wọ́n ti gba ilẹ̀ wa wọlé, tí wọ́n sì gbilẹ̀ ní Gold Coast (Ghana òde òní), nígbà tí Yorùbá Nàìjíríà, tí wọ́n ti ń tẹ ìwé pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbà wọ́n. Àpérò tí UNESCO ṣe ní Bamako ní 1966 àti èyí tí wọ́n ṣe ní Niamey ní 1978 tún ti irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, nítorí wọ́n fẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀ dípò kí àmì máa gun orí ara wọn. (Méjì nínú àwọn tó lọ sí Niamey, Michael Mann àti David Dalby, gbé ẹ̀dà mìíràn jáde ní 1982 tí kò ní lẹ́tà ńlá rárá, wọ́n sì ṣe àtẹ bọ́tìnnì fún un ní 1984, kò gbilẹ̀, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ta ni yóò kọ orúkọ ọba rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré?)

Ó rọrùn láti sọ pé Cotonou ló ya Yorùbá sí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọ̀ràn náà láti Dassa-Zoumè yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà ń wo èdè kan ṣoṣo, ó sì ń wá bí gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ yóò ṣe máa kọ ọ́ bákan náà. Ìgbìmọ̀ Benin ń wo orílẹ̀-èdè kan tí èdè rẹ̀ pọ̀, ó sì ń wá bí olùkọ́ kan ṣoṣo yóò ṣe lè fi lẹ́tà kan náà kọ́ àgbàlagbà Màhí ní àárọ̀ kí ó sì fi kọ́ àgbàlagbà Ìdáàṣà ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí méjèèjì múná dóko. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni wàhálà wà, nítorí pé Bíbélì àti ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà ti ń kọjá ààlà pẹ̀lú oníwàásù àti oníṣòwò tipẹ́, ìwé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọba Benin tẹ̀ sì ń ti ìhà kejì bọ̀, ẹni kan náà ló sì lè ní méjèèjì nínú ilé.

Síbẹ̀, ìlànà kẹta kan wà tí kò sí ìgbìmọ̀ Yorùbá kankan tó ṣe é, òun gan-an ló sì lágbára jù lọ́wọ́ àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́: Faransé. Ẹni tó bá kọ́ ìwé kíkà ní Faransé ti mọ̀ láti kékeré pé è ni wọ́n fi ń kọ ohùn tí ìgbìmọ̀ Cotonou ń kọ ní ɛ, pé é ni wọ́n fi ń kọ e lásán, àti pé ou ni u. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí sórí máàpù: Savè, Kétou, Dassa-Zoumè. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, yálà ti Nàìjíríà tàbí ti Benin, àmì orí fáwẹ́lì kò jẹ mọ́ irú fáwẹ́lì tó jẹ́. Ohùn ló ń tọ́ka sí, ìyẹn bóyá ó gòkè tàbí ó lọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìlera kan tó kàwé ní Faransé bá fẹ́ kọ orúkọ àrùn ẹ̀tẹ̀ sórí ìwé ìkìlọ̀, tí ó sì kọ “ètè” gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ́ àkọtọ́ yóò ka ètè ẹnu. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Olúkúlùkù tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n kọ́ ọ.

Àtẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ń sọ Faransé ń ti ọwọ́ sí ibi kan náà. Lórí rẹ̀, é wà ní bọ́tìnnì tí nọ́ńbà 2 wà, è wà ní ti 7, à wà ní ti 0, ù sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò ní bọ́tìnnì kankan, ɛ àti ɔ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Àwọn tó ṣe àtẹ yìí rò nípa èdè Faransé, wọn kò ro ti ẹlòmíràn, kò sì sí ìdí tí wọn ìbá fi ro ó. Àbájáde rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ Cotonou pinnu, sh àti kp nìkan ni òǹkọ̀wé lè tẹ̀ láìsí ìnira, nítorí pé lẹ́tà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ìyókù sì di ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀. Irin iṣẹ́ ló yan èyí tí yóò kù nínú ìlànà, ìgbìmọ̀ kọ́.

Ìgbìmọ̀ kẹta, ti àwọn tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ń lò jù. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ni ìwé àdéhùn tó ń sọ nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ìwé ayé ń jẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Apple, Google àti Microsoft sì wà lára àwọn tó ní ìbò níbẹ̀. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé èdè Vietnam náà ń lò wọ́n. Kódà, ệ ti Vietnam, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ́ àti ọ̀ ti Yorùbá kò ní. Èèyàn gbọ́dọ̀ tò wọ́n pọ̀ láti inú lẹ́tà àti àmì tó dá dúró, Unicode kò sì ní fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́, nítorí pé láti nǹkan bí 2001 ni wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní fi irú lẹ́tà àpapọ̀ tuntun bẹ́ẹ̀ da ìlànà ìfiwéra fáìlì rú, kí ohun tí wọ́n ti tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà má baà yí ìtumọ̀ padà lọ́jọ́ kan. Ìlérí náà mọ́gbọ́n dání. Vietnam dé kí ìlẹ̀kùn tó tì. Èdè tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà yóò máa to àmì jọ.

Ohun tí èyí ń fà hàn bí èèyàn bá wo lẹ́tà kan ṣoṣo tímọ́tímọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀rọ lè gbà tọ́jú ọ̀: ó lè jẹ́ ọ tí wọ́n fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé; ó lè jẹ́ ò tí wọ́n fi àmì tó-tó sí nídìí; ó lè jẹ́ o lásán, kí àmì ìdí ṣáájú, kí ti orí tẹ̀ lé e; tàbí kí ti orí ṣáájú, kí ti ìdí tẹ̀ lé e. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Unicode sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì kọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bí wọn yóò ṣe sọ wọ́n di ọ̀kan kí wọ́n tó fi wọ́n wéra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí kò ka ìyẹn kún yóò jẹ́ kí òǹkàwé wá “ọ̀nà” nínú ìwé tí ọ̀nà kún inú rẹ̀ kí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé kò sí i. Ó tún kù. Àwọn òǹtẹ̀wé kan nífẹ̀ẹ́ igi kékeré tó dúró lábẹ́ lẹ́tà ju tó-tó lọ, o̩ dípò ọ, èyí sì ní nọ́ńbà mìíràn tí Unicode kò kà sí ọ̀kan náà pẹ̀lú tó-tó. Nínú àkójọ kan tí Unicode ti fún àwọn àtòpọ̀ lẹ́tà ní orúkọ, e, o àti s tó ní igi ìdí wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí e àti o, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń lò wọ́n. Bẹ́ẹ̀, tó-tó ni ọ̀pọ̀ àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ń tẹ̀ jáde. Orúkọ tí ìgbìmọ̀ fúnni kì í ṣe ti ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Níbi yìí, ìpinnu Cotonou ní 1975, tí kò mọ Unicode, wá yọrí sí rere jù. Ɔ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sí àmì kankan nídìí rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti tọ́jú ɔ̀. Àkọtọ́ Nàìjíríà ni ó rọrùn láti rí lórí fóònù, ti Benin ni kò fi bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ ní àyè láti ṣàṣìṣe. Ọmọ Soclogbo wà láàárín èyí tó rọrùn láti tẹ̀ àti èyí tó rọrùn láti tọ́jú, kò sì sí ẹni tó ti bi í léèrè èyí tó fẹ́.

Unicode tún ní iṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n ń pè ní CLDR, níbi tí wọ́n ti ń kó orúkọ oṣù, orúkọ ọjọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ní èdè kọ̀ọ̀kan kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè máa lò wọ́n. Yorùbá ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, Yorùbá ti Benin náà sì wà, lábẹ́ àmì yo-BJ. Ẹni tó bá ṣí i yóò rí Shɛ́rɛ́ fún oṣù kìíní níbi tí ti Nàìjíríà ti jẹ́ Ṣẹ́rẹ́, yóò sì rò pé ìlànà Cotonou ni wọ́n tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé oṣù kejìlá, Ɔ̀pɛ̀ ni yóò bá, kì í ṣe Ɔ̀kpɛ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin kan wà nínú CLDR tó ń yí ti Nàìjíríà padà sí ti Benin fúnra rẹ̀, òfin náà sì ń pàrọ̀ ẹ, ọ àti ṣ, kò kan p. Kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ ṣe ibi. Ẹni tó kọ òfin náà rí ohun tó hàn sí ojú, kò sì sí olùkọ́ ìwé àgbà kan láti Collines nítòsí tí yóò sọ pé ó ku ọ̀kan.

Ìgbìmọ̀ kẹrin ni ti ISO 639-3, tí SIL International ń tọ́jú rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2007, tó ń fún èdè kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀. Yorùbá ń jẹ́ yor. Ìdáàṣà kò sí lábẹ́ rẹ̀, ó dá dúró, ó ń jẹ́ idd, gẹ́gẹ́ bí Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe ń jẹ́ cbj. Fún onímọ̀ èdè tó ń ka iye èdè ayé, ìyapa yìí wúlò. Fún ẹni tó ń lo fóònù, ohun tí wọ́n bá ṣe fún yor kì í kan idd láìjẹ́ pé ẹnì kan fi ọwọ́ so wọ́n pọ̀, kò sì sí idd nínú àtòjọ èdè tí ọ̀pọ̀ fóònù ń fi han ẹni tó rà á. Orúkọ náà pàápàá kò tíì dúró sí ibì kan: àwọn onímọ̀ èdè ń kọ Idaca, àwọn tó kàwé ní Faransé ń kọ Idaatcha, Idaasha wà nínú ìwé mìíràn, ìjọba sì ní Dassa. Ohùn tí c àti tch ń tọ́ka sí níbẹ̀ kò sí nínú àkọtọ́ Nàìjíríà rárá, nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ́ ní ṣ, gẹ́gẹ́ bí àròkọ yìí ti ṣe, ti yí ohùn onílé padà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ ìlànà di ọ̀kan. Ní 2011, CASAS, ilé ìwádìí tí Kwesi Kwaa Prah dá sílẹ̀ ní Cape Town, tẹ àkọtọ́ kan jáde tí wọ́n fẹ́ kí Yorùbá Nàìjíríà, Benin àti Togo jọ máa lò. Èrò rẹ̀ dára, àwọn tó ṣe é sì mọ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n àrùn tó ń ṣe àwọn tó ṣáájú ń ṣe òun náà: ó dé láìsí ilé ìtẹ̀wé, láìsí àtẹ bọ́tìnnì, láìsí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò fi í kọ́ ọmọ. Àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, IETF, ní àṣà kan tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè yá lò. Ìwé wọn tó ń jẹ́ RFC 2026, ti 1996, sọ pé ìlànà kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ipele àkọ́kọ́ bí kò bá sí ó kéré tán àwọn méjì tí kò gbára lé ara wọn tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ wọn sì bá ara mu. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan ní Soclogbo àti òǹtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti kọ́kọ́ fi àkọtọ́ tuntun tẹ ìwé kékeré kan kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, ó dájú pé ọ̀ràn kp àti p ìbá ti jáde síta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní báyìí ná, àwọn tó ń mú ìlànà lò ti rí ọ̀nà tiwọn. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì kankan, wọ́n sì ń fi òye gbólóhùn yanjú oko, ọkọ àti ọkọ̀. Àwọn mìíràn kì í kọ̀wé rárá, ohùn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́, kò sì sí àkọtọ́ tó ń kan ìyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ̀wé kò nílò láti dúró de ìpàdé mìíràn. Ètò tó ń jẹ́ Keyman, tí SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní sùúrù lè ṣe àtẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àti fóònù, Túndé Adégbọlá àti ilé-iṣẹ́ ALT-I ní Ìbàdàn sì ti fi hàn ní ìhà Nàìjíríà pé èèyàn díẹ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Èyí tí Ìdáàṣà nílò kò pọ̀: bọ́tìnnì kan fún ɛ, ọ̀kan fún ɔ, bọ́tìnnì àmì ohùn méjì tí èèyàn yóò tẹ̀ lẹ́yìn fáwẹ́lì dípò kí ó tẹ̀ ẹ́ ṣáájú, kí ìyókù dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí àtẹ Faransé tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń ṣe é kò lè dá pinnu ni bóyá kp ni tàbí p, àwọn tó ń ka Bíbélì Nàìjíríà àti àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé àgbà sì ni yóò kọ́kọ́ bá a jiyàn lé e.